Ọba Mọ́rọ̀ àti Àwọn Olóhùn Òru

Ìgbòho, ìlú Òkè-Ògùn tí kò jìnnà sí Ṣakí, ni àwọn Aláàfin fi ṣe ibùjókòó lẹ́yìn tí àwọn Tápà ti lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Abípa ni ó jọba níbẹ̀ kẹ́yìn. Ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ àwọn ìjòyè rẹ̀ wà nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson, èyí tí ó parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921.

Abípa fẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sílé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a bí sí Ìgbòho kò fẹ́. Ọ̀yọ́ Mèsì ní ẹnu láti kọ ọ̀rọ̀ sí Aláàfin lójú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ ọ́ ní gbangba ni yóò dáhùn fún un. Bí ẹni tí ń fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ kọ̀wé lóde òní, wọ́n fẹ́ kí ohùn wọn dé ibi tí ojú wọn kò ní dé. Nígbà tí ọba rán ènìyàn lọ ṣe ètùtù ní ahoro ìlú náà, àwọn náà ti rán tiwọn ní ìkọ̀kọ̀: Baṣọ̀run rán abuké, Alápìn-ín-ni rán àfín, Aṣípa rán adẹ́tẹ̀, arọ àti aràrá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni òrìṣà ni a ka irú wọn sí. (A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ.) Lóru, wọ́n a máa gbé iná kiri orí òkè, wọ́n a máa ké pé, “Kò sí àyè! Kò sí àyè!” Ìròyìn dé Ìgbòho pé iwin ti gba ìlú.

Ìbànújẹ́ bá ọba. Ológbo, arọ́kin ààfin, ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kọ́kọ́ wádìí ẹni tí ń ké. Ọdẹ mẹ́fà lọ, wọ́n sì mú gbogbo wọn. Abípa kò sọ nǹkan kan títí àwọn ìjòyè fi péjọ fún àsè ní ààfin. Abuké ni ó gbé ọtí fún Baṣọ̀run, àfín gbé ti Alápìn-ín-ni. Kálukú gba igbá lọ́wọ́ ẹni tí ó rán. Ìtàn náà kò dárúkọ ìyà mìíràn. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀, èyí ni iwin.

Ìbá dùn kí ìtàn náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè mọ̀ pé Ológbo ni ó tú àṣírí wọn, wọ́n sì fún un ní májèlé jẹ. Nínú gbogbo wọn, ẹni tí ó gba ọba nímọ̀ràn ni ó fi ẹ̀mí dí i. Ọba ṣe ẹ̀yẹ fún òkú rẹ̀, ó fi awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wé e, ó sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú tí wọ́n ní kò sí àyè, kí wọ́n sin ín síbẹ̀.