Igi Àjà àti Ikán Ilẹ̀ Òkè Ọya

Ẹnìkan béèrè láàárọ̀ pé ṣé òótọ́ ni pé ikán kì í jẹ pákó tó ní àwọ̀ ewé yẹn. Ẹ ṣe sùúrù fún mi, ìtàn ni mo máa fi dáhùn.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kano, mo ta igi àjà fún bàbá Haúsá kan. Arère ni. Ẹni tó kó o wá fún mi láti ilé ní wọ́n ti fi oògùn sí i, èmi náà sì sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí bàbá fi ránṣẹ́ pè mí. Ó fi ọ̀bẹ gún igi náà, ọ̀bẹ wọlé bí ẹni gún ẹ̀kọ. Ara igi ṣì dára, inú ti di lúbúlúbú. Ojú tì mí. Bàbá ò bá mi jà o. Ó mú mi lọ sí ilé tí baba tirẹ̀ kọ́, ó ní kí n wòkè. Igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti dúdú, wọ́n tò ó pọ̀ mọ́ra lábẹ́ amọ̀. Ó ní azara nìyẹn.

Ara giginya ni wọ́n ti ń la azara, igi táwa ń pè ní àgbọ̀n olódù. Muruci tí ẹ máa ń rà jẹ, èèhù igi yẹn ni. Akọ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù torí ó le, agbára ikán kì í ká a. Àmọ́ azara ò gùn, ìdí nìyẹn tí yàrá àtijọ́ níbí fi há. Tí wọ́n bá fẹ́ kí ilé fẹ̀, wọn á máa to azara sínú amọ̀, tòkè á yọ díẹ̀ ju tìsàlẹ̀ lọ, títí tìhín àti tọ̀hún á fi pàdé. Irú iṣẹ́ yẹn ni Babban Gwani fi kọ́ mọ́sálásí Jímọ̀ Zaria, ní nǹkan bí 1840. Kò sí irin, kò sí oògùn.

Ọkọ̀ ojú irin ló yí nǹkan padà. Ní 1912, èèyàn lè wọ ọkọ̀ l'Ékòó kó sọ̀ ní Kano. Àwọn baba wa bá a wá, ẹ mọ ìyẹn. Páànù náà dé, páànù sì ń fẹ́ pákó gígùn tó tọ́. Ìrókò dáa, ikán kì í tètè rí i jẹ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ńkọ́? Arère àti afárá ni tálákà lè rà, àwọn yẹn sì lóúnjẹ ikán.

Àwọn òyìnbó ti rí irú wàhálà yìí tiwọn, lórí igi abẹ́ ojú irin. Ní 1838, John Bethell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó igi sínú àgbá irin, ó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó wá fi agbára ti òróró ọ̀dà èédú wọnú igi. Ní 1933, ará Íńdíà kan, Sonti Kamesam, po bàbà, chromium àti arsenic mọ́ omi. Òun ló ń sọ pákó di àwọ̀ ewé.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Agbára ló ń ti oògùn wọnú. Solignum tí káfíńtà fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, ara ló wà. Ó sàn ju òfo lọ, àmọ́ ibi tó bá fi ayùn gé lẹ́yìn náà, ìhòòhò ni, ẹnu ọ̀nà ikán nìyẹn. Àwọ̀ ewé nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni lè kun àwọ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n gé ọ̀kan láàárín, kì í ṣe létí o, kẹ́ ẹ wo bó ṣe wọlé tó.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ta oúnjẹ, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi àgékù rẹ̀ dáná. Arsenic yẹn, májèlé ni, ó wà nínú èéfín, ó wà nínú eérú. Ní Amẹ́ríkà, láti ìparí 2003 ni wọn ò ti fi í sí igi ilé gbígbé mọ́.

Owó bàbá yẹn, mo dá a padà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi san án. Azara ló lọ fi rà.