Ìdásílẹ̀ Tí Kò Ní Ìwé: Ẹ̀tọ́ Àwọn Ará Ìlú Tí A Tì Mọ́lé Lọ́nà Àìtọ́ Nígbà Ogun

Láti ọdún 2009 tí ìjà ìjọba Nàìjíríà àti ẹgbẹ́ Boko Haram ti gbóná, ọ̀pọ̀ ará ìlú tí kò gbé ohun ìjà ni àwọn ọmọ ogun ti kó sí àhámọ́, pàápàá ní bárékè Giwa ní Maiduguri, níbi tí àwọn kan ti lo ọdún mélòó kan láìfojú kan adájọ́. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dúró lé ni pé ìtúsílẹ̀ nìkan kò tó: ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nínú ìwé pé a ti ẹni náà mọ́lé lọ́nà àìtọ́, nítorí ìrànlọ́wọ́ tí kò bá ní irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ nídìí, àánú lásán ni, ẹni tó ṣe é sì lè dá a dúró nígbàkigbà.

Ẹsẹ kẹfà abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ẹnikẹ́ni tí a bá tì mọ́lé láìbófinmu ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba. Abala 46 ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba ilé-ẹjọ́ gíga lọ, ìlànà tí a gbé kalẹ̀ lọ́dún 2009 fún irú ẹjọ́ yìí kò sì fi gbèdéke ọjọ́ dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fìyà jẹ ni yóò wá agbẹjọ́rò, òun náà ni yóò wá ẹ̀rí, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn tó tì í mọ́lé ni ìwé àkọsílẹ̀ àhámọ́ wà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ jókòó ní Kainji lórí ọ̀rọ̀ afurasí 575. Ènìyàn 45 ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n ní àwọn 468 kò ní ẹjọ́ í jẹ́, síbẹ̀ wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ gba ètò ìyílọ́kànpadà, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí a fi ń yọ èrò ìpániláyà kúrò lọ́kàn ènìyàn, kí wọ́n tó padà sílé. Bí a kò bá rí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹnìkan, ó ṣòro láti mọ ohun tí a fẹ́ yí ọkàn rẹ̀ padà kúrò nínú rẹ̀.

Àbàwọ́n tí irú àhámọ́ bẹ́ẹ̀ ń fi sára ẹni tí a tú sílẹ̀ kò mọ sí Borno. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bá ọkọ̀ tòmátì wá sí ọjà Mile 12 ní Kosofe ní Èkó láti ṣe alábàárù, yóò nílò onídùúró, yóò sì ní láti ṣàlàyé ibi tó wà ní gbogbo ọdún tó fi wà ní àhámọ́. Ìjà ẹ̀yà tó wáyé lágbègbè ọjà náà ní oṣù kẹta ọdún 2016, tí Gómìnà Ambode fi ti ọjà pa, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Boko Haram, àmọ́ ó fi hàn bí ìfura sí ẹnìkan ṣe ń yára ran gbogbo àwọn tó jọ ń sọ èdè kan náà. Láìsí ìwé, kò sí ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè nà sí ọlọ́pàá tó bá dá a dúró ní Ketu.

Àwọn kan lè sọ pé abala 45 gba ìjọba láàyè láti dín ẹ̀tọ́ òmìnira kù nígbà pàjáwìrì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n abala náà béèrè òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe àti ìgbésẹ̀ tó bá ọgbọ́n mu. Yàtọ̀ sí èyí, ìjọba pàjáwìrì tí wọ́n kéde ní Borno, Yobe àti Adamawa ní oṣù karùn-ún ọdún 2013 ti parí láti ọdún 2014, tí àwọn ènìyàn sì ṣì wà ní Giwa lẹ́yìn rẹ̀.

Àpẹẹrẹ ètò tó fi ìfìdímúlẹ̀ ṣáájú ìrànlọ́wọ́ wà níbòmíràn: ní Ukraine, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022 gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti fìdí ìtìmọ́lé múlẹ̀ kí owó ìrànlọ́wọ́ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀tá ló ti àwọn tiwọn mọ́lé. Ní Nàìjíríà, ìjọba fúnra rẹ̀ ni, ìdí sì nìyí tí kò fi yẹ kí iṣẹ́ ìfìdímúlẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ológun. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lórílẹ̀-èdè ló yẹ kó ṣe é, nítorí àtúnṣe òfin ọdún 2010 ti fún ìpinnu àjọ náà ní agbára bíi ti ilé-ẹjọ́ gíga. Kí ológun kó ìwé àkọsílẹ̀ jáde, kí àjọ náà fúnni ní ìwé ìdáláre, kí ìtọ́jú ara àti owó ìdókòwò sì tẹ̀ lé e. Orí àwọn 468 ti Kainji ni a ti lè bẹ̀rẹ̀, nítorí ilé-ẹjọ́ ti gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò ná.