Iṣan Kan Kò Jọ Iṣan Kan

Bí a bá bi Yorùbá léèrè ohun tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri inú ara, iṣan ni yóò pè é. Bí a bá bi í ní ohun tí ó so ẹran ara mọ́ eegun, iṣan náà ni yóò tún dáhùn. Ohun tí ń jẹ́ kí ọmọ-ìka mọ̀ pé iná gbóná, iṣan ni. Èyí tí ó sì máa ń fà wá lẹ́sẹ̀ lóru, tí a fi ń ta jí lójú oorun, a ó ní iṣan ló fà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe nǹkan mẹ́rin, kò sì ni wá lára rárá títí di ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá gé ènìyàn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà ni ó máa ń di dandan kí ẹnìkan mọ èwo nínú iṣan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó gé. Ìtàn bí a ṣe ń kọ́ oníṣẹ́ abẹ ní ìmọ̀ yìí, ní ilẹ̀ wa àti níbòmíràn, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí.

Ọ̀tà ni n óò fi ṣe ojú àpẹẹrẹ. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, ìlú àtayébáyé, tí a mọ̀ mọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí ń gbẹ́ ère rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, àti nítorí pé Èkó kò jìnnà sí i, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti pọ̀ níbẹ̀ àti ní Sàngó-Ọ̀tà tí ó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Wọ́n ń yọ́ irin níbẹ̀, wọ́n ń ṣe ike, wọ́n ń ṣe bébà, wọ́n ń ṣe oúnjẹ àti oògùn. Òfin ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ọdún 1987 pa á láṣẹ pé kí a dáàbò bo ibi tí ó léwu lára ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n òfin kì í dá dúró níwájú ẹ̀rọ láti ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ sẹ́yìn. Nígbà tí ọwọ́ bá ti kó sínú ẹ̀rọ, tí a sì gbé aláìsàn dé ilé-ìwòsàn láàárín òru, kì í sábà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Dókítà tí ó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ni. Ohun tí ọ̀dọ́mọdé dókítà yìí bá mọ̀, tàbí tí kò mọ̀, ní wákàtí kìn-ín-ní, lè sọ bóyá ọwọ́ náà yóò tún mú ọkọ́ tàbí kálàmù mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èdè wa nìkan ni ó da iṣan pọ̀. Bákan náà ni ó rí láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gíríìkì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe okùn tí ó so ẹran mọ́ eegun àti èyí tí ń gbé ìmọ̀lára. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí, ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣáájú ìbí Kristi, ni Herophilus ti la òkú ènìyàn wò, tí ó sì fi hàn pé èyí tí ó ti ọpọlọ àti ọ̀pá-ẹ̀yìn wá yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ń fa eegun. Ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, Galen, tí ó ti tọ́jú ọgbẹ́ àwọn tí ń fi idà jà ní gbangba eré, fi ẹranko dán an wò: bí a bá gé iṣan kékeré kan báyìí ní ọrùn ẹlẹ́dẹ̀, kò ní lè ké mọ́. Síbẹ̀ ó di ọdún 1628 kí William Harvey tó fi yé ayé pé ẹ̀jẹ̀ ń yí po nínú ara ni, ọkàn sì ni ó ń tì í.

Àwọn baba wa náà kò ṣàìmọ nǹkan kan. Àwọn olóólà, ọmọ Ògún, ń kọ ilà, wọ́n ń dá abẹ́ fún ọmọkùnrin, wọ́n sì ń fi omi ìgbín sí ojú ọgbẹ́. Ẹni tí ń fi abẹ kọ ojú ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òun kò gbọdọ̀ tẹ abẹ dé. Àwọn tí ń to eegun pẹ̀lú mọ bí eegun ṣe ń padà sí ipò, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì wò sàn. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn ààyè ni wọ́n fi kọ́ ìmọ̀ náà, ìdílé ni ó sì wà fún. Èyí tí ó bá sì ṣàṣìṣe kò ní ìwé kankan tí yóò kọ ọ́ sí kí ẹlòmíràn má ṣe irú rẹ̀ mọ́. Níbi tí mo rò pé ìyàtọ̀ wà gan-an nìyí.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ láti kọ́ ọmọ ilẹ̀ wa ní ìmọ̀ ìṣègùn ti òyìnbó kò jìnnà sí Ọ̀tà. Abẹ́òkúta ni. Ní 1861 ni Dókítà A. A. Harrison, tí ìjọ C.M.S. rán wá, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mélòó kan níbẹ̀. Nathaniel King, ọmọ Thomas King tí ó bá Crowther ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì, wà lára wọn. Harrison kú ní 1864, ẹ̀kọ́ náà sì dópin, ṣùgbọ́n King tẹ̀síwájú lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wá ní dókítà. Ní Abẹ́òkúta kan náà, ní 1895, ni àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, Bàbá Coquard, dá ilé-ìwòsàn tí ó di Sacred Heart ní Lántòrò sílẹ̀. Kò gba oyè dókítà, síbẹ̀ ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn Ẹ̀gbá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan lè fi èyí wí pé ọwọ́ nìkan tó. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìtàn rẹ̀ fi hàn ni bí àìní ti pọ̀ tó. Ẹni tí ebi ń pa kò lè béèrè ẹni tí ó se ọbẹ̀.

Ní 1930 ni ìjọba amúnisìn dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yábàá, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n fẹ́ kí àwọn tí ó bá jáde níbẹ̀ jẹ́, kì í ṣe ẹgbẹ́ dókítà òyìnbó. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn èyí, ní 1938, Samuel Manuwa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ńlá ti àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ó ṣe ọ̀bẹ kan fún gígé egbò àdáàjinná. Ta ni ó lè ṣe ọ̀bẹ tuntun fún egbò, bí kò bá mọ ohun tí ń ṣe ẹran tí ó wà lábẹ́ egbò náà? Ní 1948 ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ní 1957 ni a ṣí ilé-ìwòsàn ńlá rẹ̀, U.C.H. Ní 1962 ni Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, tí ó tún jẹ́ akéwì, dé láti Amẹ́ríkà láti máa ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ níbẹ̀.

Ní 1960 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ náà di kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́yìn náà. Ní 1979 ni òfin dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ti orílẹ̀-èdè wa sílẹ̀. Láti ìgbà náà, dókítà kò nílò láti wọ ọkọ̀ òfurufú kí ó tó lè di àgbà oníṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà kan wà tí ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá: ìdánwò ìpìlẹ̀. Wọn kò ní bi í bí a ti ń mú ọ̀bẹ nìkan. Wọn yóò bi í bí ẹ̀yà ara ṣe tò, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí àrùn ń sọ ọ́ dà. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń ráhùn pé ìwé yìí pọ̀ jù, pé ògiri lásán ni àwọn àgbà mọ dí wọn lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí á fi Ọ̀tà dá wọn lóhùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ já gaara. Nǹkan bí lítà márùn-ún ẹ̀jẹ̀ ni ó wà lára àgbàlagbà. Ara tí ó lágbára lè pàdánù ju lítà kan lọ kí agbára ìtì ẹ̀jẹ̀ tó wálẹ̀. Ẹni tí ó mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní dúró de ìgbà náà. Yóò wo bí ọkàn ti ń yára lù àti bí ọwọ́ ti tutù. Bí apá bá fọ́, tí a fi ọparun àti aṣọ dì í pinpin, ẹran ara yóò wú, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní ráyè wọlé. Bí wákàtí mẹ́fà bá kọjá báyìí, ẹran náà lè kú ikú tí kò ní àjíǹde. Ẹni tí kò kàwé yóò fọwọ́ kan ìlù ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn-ọwọ́, yóò ní kò séwu. Ẹni tí ó mọ̀ yóò rántí pé ìlù náà lè ṣì máa lù nígbà tí ẹran inú ti ń kú lọ; ìrora tí ó ju ọgbẹ́ lọ ni yóò gbà gbọ́, yóò sì tú ìdè.

Nígbà náà ni a óò wá kan ọ̀rọ̀ iṣan. Ní ọrùn-ọwọ́, okùn tí ń fa ọmọ-ìka àti iṣan ìmọ̀lára wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, méjèèjì funfun. Nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìkánjú, ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ pé wọ́n rán ọ̀kan mọ́ èkejì. Ọwọ́ tí a rán báyìí kò ní sàn láé. Bí a bá sì rán an dáadáa, iṣan ìmọ̀lára ń hù ní nǹkan bí mìlímítà kan lóòjọ́. Láti ọrùn-ọwọ́ dé orí ìka, ó lè tó oṣù mẹ́fà. Òṣìṣẹ́ tí a kò sọ èyí fún yóò rò ní oṣù kejì pé iṣẹ́ abẹ ti bàjẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ náà lè rò pé ọ̀lẹ ni. Òfin owó-ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa wà láti 2010, ṣùgbọ́n ohun tí dókítà bá kọ sínú ìwé nípa iṣan wo ni ó gé ni ẹ̀rí tí òṣìṣẹ́ yóò mú dání.

Nítorí náà, iṣẹ́ yìí kan àwa tí ń fi èdè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Bí dókítà bá ti mọ ìyàtọ̀, ó tọ́ kí ó rí ọ̀rọ̀ fi sọ ọ́ fún ìyá aláìsàn tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì: iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan ìmọ̀lára, okùn ẹran. A ti ní àwọn ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, a kò kàn tíì yà wọ́n sọ́tọ̀ ni. Bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìmọ̀ ni ó ń gbẹ́ ẹ fún un. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ dókítà wa fara da ìwé náà, kí àwa náà sì bá wọn wá orúkọ fún ohun tí wọ́n bá kọ́.