Bí Pikin Ṣe Dé Ọjà Wa

Ní Alabar, láàárín ìlú Kumasi ní Ghana, Asante, Hausa àti Yorùbá jọ ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí èdè kò bá ti jọra, pidgin ni wọ́n fi ń ná ọjà. Oníbàárà tó fẹ́ kí wọ́n dín owó kù lè ní, "I get pikin for house o." Kò sẹ́ni tí yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni pikin ti wá.

Àwọn ará Róòmù àtijọ́ a máa pe ohun kékeré ní parvus, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá àwọn mẹ̀kúnnù kalẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń fún ẹnu sọ, bí "tíntín" tiwa, ló gba ipò rẹ̀: petit lọ́dọ̀ Faransé, piccolo ní Ítálì, pequeno lẹ́nu Potogí. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni gbogbo wọn. Bí Potogí bá wá fẹ́ fi ìkẹ́ kún un, á sọ ọ́ di pequenino.

Ní 1471 ni ọkọ̀ àwọn Potogí gúnlẹ̀ sí etíkun tó padà ń jẹ́ Gold Coast. Ní 1482, wọ́n kọ́ odi Elmina. Òwò da èdè pọ̀. Twi gba paanoo fún búrẹ́dì, ó gba krataa fún ìwé. Lẹ́nu àwọn alágbàtà, pequenino bọ́ kúrò ní àpèjúwe, ó di orúkọ, pikin: ẹni kékeré di ọmọ. Bákan náà ni saber, tí í ṣe "mímọ̀", di sabi.

Ọkọ̀ ẹrú gbé pikin sọdá òkun. Ó di pickney ní Jamaica. Ní Suriname, pikin ṣì ń jẹ́ "kékeré", ó tún ń jẹ́ "ọmọ". Krio, èdè àwọn ará Freetown, tàn án ká etíkun wa, àwọn Sàró tó ti ibẹ̀ padà bọ̀ sì mú un wọ Èkó. Àwọn atukọ̀ àti oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì gbé e títí dé Papua New Guinea, níbi tó ti di pikinini.

Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́. Òyìnbó ibẹ̀ yà á sọ́tọ̀ fún ọmọ aláwọ̀ dúdú nìkan, ó sì di èébú. Ó wà nínú ọ̀rọ̀ tí Enoch Powell, olóṣèlú Gẹ̀ẹ́sì, sọ ní Birmingham ní 1968 láti fi kó àwọn ènìyàn láyà sókè nípa àwọn àlejò. Ní 2012 ẹ̀wẹ̀, Ọmọọba Charles dé Papua New Guinea, ó sì pe ara rẹ̀ ní pikinini Ọbabìnrin. Níbẹ̀, ọmọ ọba àti ọmọ àgbẹ̀, pikinini ni gbogbo wọn.

Bó ṣe rí ní Alabar nìyẹn. Asante ní abofra, Hausa ní yaro, àwa ní ọmọ. Kálukú ló ní tirẹ̀ nílé. Pikin kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó ń jowú rẹ̀. Ọmọ ẹni tó ń rà, ọmọ ẹni tó ń tà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ níwájú ìsọ̀.