Kí La Ó Pe Ẹni Tí Ọjọ́ Rẹ̀ Kọjá Nílẹ̀ Onílẹ̀?

Ní ọ̀pọ̀ abúlé tó yí Ìbàdàn ká, ọdún kan gbáko ni àgbẹ̀ àti lébìrà tó wá láti Tógò tàbí apá Kútọnu máa ń ṣàdéhùn lé lórí. Ìbáà jẹ́ lẹ́yìn Ejíòkú ní Lágelú, ìbáà jẹ́ lọ́nà Badẹ́kù ní Ọ̀nà-Àrà, àdéhùn náà kì í yàtọ̀ púpọ̀: olóko á bọ́ ọ, á fún un ní yàrá tí yóò máa sùn, owó iṣẹ́ á sì wà lọ́wọ́ olóko títí ọdún á fi yí po. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n má wulẹ̀ ka owó fún òun, kí wọ́n kúkú fi ra alùpùpù. Nígbà tí kòkó bá ti wọlé tán, tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, á lọ bá olóko ní ìdájí, á dọ̀bálẹ̀, á ní, “Bàbá, ọjọ́ mi mà ti pé o.” Olóko á ní, “Ó ti pé, ọmọ mi. Èmi náà ti ń kà á bọ̀.”

Bí wọ́n ṣe ń kà á lóko nìyẹn. Ìjọba ń kà á lọ́nà tirẹ̀. Ìwé àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Dakar ní May 29, 1979 gbà pé ọmọ ọ̀kan nínú wọn lè wọ èkejì láìgba físà, bó bá ṣáà ti mú ìwé ìrìnnà àti ìwé àjẹsára dání, kó sì gbé níbẹ̀ fún 90 ọjọ́. Bó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ gba àṣẹ. Ẹ ẹ̀ rí i pé lọ́jọ́ tí lébìrà wa dọ̀bálẹ̀ pé ọjọ́ òun pé yẹn, tí kò bá gba àṣẹ kankan, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá nínú ìwé ìjọba láti bí oṣù mẹ́sàn-án. Olóko kò fura, lébìrà kò fura. Ẹni tó kó wọn wá lè mọ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ. Kò tiẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí wọn ì bá fi sọ ọ́ ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ Yorùbá yìí ni gbogbo wọn jọ ń sọ lóko.

Àwọn àgbà nínú ìmọ̀ èdè ti gbìyànjú fún wa nínú ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá lọ́dún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláṣọpé Awóbùlúyì ṣe apá kejì lọ́dún 1990, ìwé àtúmọ̀ ọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì jáde ní 1991 ní èdè mẹ́rin. Olùkọ́ àti aṣòfin ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Ẹni tó dúró níwájú tábìlì ní Sẹ̀mẹ̀, tí wọ́n ń ṣí ìwé ìrìnnà rẹ̀ wò, òun ni kò tíì rí tirẹ̀ gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ibi tí ọ̀nà ti gbà jáde. Àwọn oníròyìn wa fẹ́ràn “ààlà”: wọ́n ti ààlà pa, wọ́n ṣí ààlà, wọ́n mú un ní ààlà. Ọmọ àgbẹ̀ tó bá gbọ́ ọ, pèrègún ló máa wá sí i lọ́kàn. Ààlà ni ìlà tó pín oko tèmi níyà sí oko tìrẹ, pèrègún la gbìn sí i, kò sì sí ẹni tó jókòó sídìí pèrègún láti bi ọ́ ní ibi tó ò ń lọ. Ibi tí ẹnìkan ti máa ń bi ọ́ ni bodè. Nígbà tí Balógun Ìbíkúnlé mọ odi yí Ìbàdàn ká ní nǹkan bí ọdún 1858, bodè ló dá sí ojú ọ̀nà tó jáde lọ sí àwọn ìlú ńlá yòókù. Odi ti lọ, bodè kò lọ lẹ́nu wa: Ọjà Bodè ní Mọ́lẹ́tẹ̀, tí àwọn eléwé-ọmọ pọ̀ sí, ṣì ń jẹ́ orúkọ yẹn. Nítorí náà, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889, tó fi Kétu sí apá kan tó sì fi Ìmẹ̀kọ sí apá kejì, ààlà ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asíwájú ti kọ odindi ìwé lé e lórí. Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdí-Ìrókò, bodè ni. Èèyàn kì í gba ààlà jáde, bodè la ń gbà. Èyí tí wọ́n tì pa ní August 2019, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní December 2020, bodè ni, torí ààlà kò ní ilẹ̀kùn.

Ta wá ni oníbodè? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ilé-iṣẹ́ ìròyìn ti fún kọ́sítọ́ọ̀mù ní “aṣọ́bodè”, ó sì ti mọ́ wa lára. Àwọn imigiréṣọ̀n ni wọ́n wá ń pè ní “àjọ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de”. Kó o tó sọ ọ́ tán, mọ́tò ti lọ. Lábúlé, kọ́sítọ́ọ̀mù ni gbogbo wọn. Oníbodè ayé àtijọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀: á gba owó ẹrù, á sì bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, níbo lò ń lọ, ta lo fẹ́ dé sílé rẹ̀. Ní báyìí tí iṣẹ́ ti pín sí tábìlì méjì, mo ní kí kọ́sítọ́ọ̀mù máa jẹ́ aṣọ́bodè wọn lọ, kí ẹni tó ń bi ọ́ pé ta ni ọ́ sì gba orúkọ “oníbodè” padà. Kò gùn, kò ṣòro, àwọn bàbá wa ló sọ ọ́.

Ẹni tí kò bá fẹ́ rí oníbodè, Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nílẹ̀. Ẹrù tó bá yọ́ wọlé, fàyàwọ́ ni. Èèyàn tó bá yọ́ jáde, ẹ̀bùrú ló gbà. Ẹ má jẹ́ ká pa méjèèjì pọ̀, torí ìyà wọn kò dọ́gba. Èyí tí mo rí i pé àwọn èèyàn kì í kà sí ni pé ẹni tó gba ẹ̀bùrú jáde kò ní òǹtẹ̀ ìjáde. Ó ti dé Àjàṣẹ́ lórílẹ̀-èdè Benin, ó ti ń jẹ gàrí nílé ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìwé, Nàìjíríà ló ṣì wà, ọjọ́ sì ń gun ọjọ́. Bó bá padà wá gba bodè wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, òǹtẹ̀ ìwọlé ti àkọ́kọ́ ni oníbodè máa bá láìsí ti ìjáde lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lápò. Ní ti owó yẹn náà, ìtanràn lorúkọ rẹ̀ bó bá ní rìsíìtì. Bí kò bá ní, ẹ̀gúnjẹ ni, kò sì yẹ kí olùtúmọ̀ kankan bá wọn fi ọ̀kan bo èkejì láṣìírí.

Ọ̀rọ̀ gan-an ló kù: gbígbé kọjá ọjọ́ tí wọ́n fún èèyàn. Àwọn kan ń kọ “àlejò aláìbófinmu”. Èmi kò fara mọ́ ọn. Àkọ́kọ́, àlejò lédè wa kò ní iye ọjọ́. Tó bá ti kí baálẹ̀, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, tí kò gbin igi owó láìgbàṣẹ, àlejò lè gbé débi tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ á fi máa pe ibẹ̀ ní ilé, abúlé tó sì kún fún irú wọn kò lóǹkà láti Mọníyà títí dé Àkànrán. Ẹ̀kejì, kì í ṣe èèyàn ni òfin yìí ń kà bí kò ṣe ọjọ́. Lónìí ó wà lábẹ́ òfin, lọ́la kò sí níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ìwà rẹ̀ kò yí padà, oko kan náà ló sùn sí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lẹ̀ mọ́ ọjọ́ nígbà náà: “ọjọ́ ìgbé rẹ̀ ti kọjá”. Bí a bá ń fẹ́ orúkọ fún un nínú fọ́ọ̀mù, “ìkọjá-ọjọ́-ìgbé”. Mo ti rí “agbékọjá-ọjọ́” lọ́kàn, mo sì jù ú nù, ó dà bí orúkọ egúngún. Ẹ má sì kọ “ọjọ́ rẹ̀ ti pé”: aboyún ni ọjọ́ rẹ̀ ń pé, lébìrà olódún sì ti gba èyí tó kù.

Mo fi “ìgbé” sí i nítorí pé ọjọ́ méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ físà, kì í ṣe ẹyọ kan. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ìyá tó bá lọ wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà máa ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé físà ọlọ́dún méjì ni wọ́n fún òun. Òótọ́ ni nígbà náà. Ọdún méjì yẹn, ọjọ́ ìwọlé ni: kò gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Iye tó lè lò nínú ilé, ẹni tó jókòó ní pápákọ̀ òfurufú ló ń kọ ọ́ fún un, oṣù mẹ́fà sì ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ìyá tí kò mọ ọjọ́ ìwọlé yàtọ̀ sí ọjọ́ ìgbé, tó fi ọkàn balẹ̀ jókòó ti ọmọ fún ọdún kan ààbọ̀, kò mọ̀ pé òfin tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ní 1996 ti dè é: ẹni tó bá fi ju 180 ọjọ́ lọ kọjá, bó bá jáde, ọdún mẹ́ta ni kò ní lè padà wọlé, tó bá tó ọdún kan, ó di ọdún mẹ́wàá. Ìgbà tó bá jáde ni ìyà náà tó já lé e. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń bẹ̀rù àtijáde ju àtijókòó lọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà míì tó bá físà wọ Amẹ́ríkà tiẹ̀ gba ọ̀nà kan tó ń jẹ́ Roxham Road fẹsẹ̀ rìn wọ Kánádà láti 2017, títí wọ́n fi dí ọ̀nà náà ní March 2023. Kí ni ká pe Roxham Road? Ẹ̀bùrú ni, ẹ̀bùrú tí ọlọ́pàá dúró sí tí kámẹ́rà sì ń ṣọ́.

Jíjáde fúnra ẹni, kí wọ́n dáni padà, kí wọ́n léni: mẹ́ta ni, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ní November 18, 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gáná ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó jáde. Àṣẹ ìtẹ̀lé-òfin ni wọ́n pè é, orúkọ jẹ́jẹ́. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tó ti bímọ sí Kumasi, tí ọmọ wọn kò mọ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìnísà rí, di ẹrù, wọ́n wọ mọ́tò gba Tógò àti Dàhòmì bọ̀ wálé. Ẹ bi èyíkéyìí tó bá ṣẹ́kù nínú wọn, kò ní sọ pé òun jáde, kò sì ní sọ pé wọ́n dá òun padà. “Wọ́n lé wa ní Gáná” ni. Ẹnu wọn ló yẹ kí olùtúmọ̀ wò, kì í ṣe àkọlé ìwé Busia.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, ó kan àwa náà láti léèyàn. January 17, 1983 ni Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé fún ìjọba Shagari, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kó ẹrù wọn. Wọ́n gbé e lé 90 ọjọ́ ECOWAS tó ti kọjá lórí wọn. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọmọ Gáná ni wọ́n dà sójú ọ̀nà. Rawlings, olórí ìjọba Gáná nígbà náà, ti ti bodè Gáná àti Tógò láti September 1982, Tógò náà ti tirẹ̀, Benin kò fẹ́ gba ẹni tí kò ní rí ibi kọjá sí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì há sójú títì nínú oòrùn títí Gáná fi ṣí bodè ní January 29. Ìjọba kò fún wa ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan fún gbogbo èyí. Ọjà ló fún wa. Àpò onílà pupa àti búlúù tí wọ́n fi kó ẹrù ló di Gánámọ́sígò, kò sì sí ọjà kan ní Ẹgbẹ́dá tàbí Lálúpọn tí o máa dárúkọ yẹn tí wọn ò ní nà án sí ọ. Ọmọdé tó ń fi í kó aṣọ lọ sílé ẹ̀kọ́ kò mọ ẹni tó ń lọ àti ẹni tó lé e.

Ọ̀rọ̀ tí ọjà bá bí kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òfin yàtọ̀, torí owó àti ọdún èèyàn ló rọ̀ mọ́ ọn. Lọ́dún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àjèjì tí ọjọ́ físà rẹ̀ bá ti kọjá ní Nàìjíríà yóò máa san dọ́là 15 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún oṣù kan, kẹ́ ẹ fi wé ohun tí lébìrà ń gbà lọ́dún. Ẹni tí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá lè bá nínú oko ẹ̀gẹ́ yẹ kó gbọ́ ọ ní èdè tí yóò yé e kó tó dé Sẹ̀mẹ̀.

Àwọn tí mo fi sílẹ̀ nìyí: bodè, oníbodè, ẹ̀bùrú, òǹtẹ̀ ìjáde, ọjọ́ ìwọlé, ọjọ́ ìgbé, ìkọjá-ọjọ́-ìgbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìròyìn lórí rédíò n'Íbàdàn, ẹ bá wa lò wọ́n wò fún sáà kan. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù wọ́n lọ, kó mú un wá, pàápàá fún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, torí ó ṣì gùn lẹ́nu.