Àwòrán Tí Oòrùn Yà, Tí Oòrùn Tún Pa Rẹ́

Ìtàn fọ́tò tí wọ́n ń kọ́ni nílé ìwé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1839, bí ẹni pé òru ọjọ́ kan ni ọmọ ènìyàn sùn tó jí rí i pé oòrùn lè ya àwòrán. Olùkọ́ tó bá gbé bébà, iyọ̀ àti silver nitrate síwájú akẹ́kọ̀ọ́ yóò tètè fi hàn pé ìtàn náà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rẹ bébà sínú omi tí iyọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, yóò sá a kó gbẹ, yóò sì fi búrọ́ọ̀ṣì pa silver nitrate sí i nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. (Ìbọ̀wọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́, nítorí oògùn náà a máa sọ awọ ara di dúdú.) Bí ó bá tẹ́ ewé lé e, tó fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́, tó sì gbé e sínú oòrùn, ibi tí ewé kò bò yóò ṣú. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tú fàdákà sílẹ̀ nínú àdàlù náà, tí fàdákà ọ̀hún sì ń di ẹ̀rún wínníwínní tó dúdú lójú. Nígbà tí a bá ká ewé kúrò, àwòrán rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ ní funfun.

Ayọ̀ náà kì í pẹ́. Bí bébà bá ṣì wà nínú ìmọ́lẹ̀, funfun náà yóò ṣú pẹ̀lú, àwòrán yóò sì pòórá. Olùkọ́ tó gbọ́n kò ní sáré gbà á sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni Thomas Wedgwood há sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Humphry Davy ló ròyìn iṣẹ́ rẹ̀ ní 1802: inú òkùnkùn ni wọ́n ń tọ́jú àwọn àwòrán náà sí, ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là ni wọ́n sì lè fi wò wọ́n.

William Henry Fox Talbot ló rí ọ̀nà àbáyọ ní Lacock, láti 1834. Ó ṣàkíyèsí pé iyọ̀ díẹ̀ ń mú kí bébà tètè gba ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ púpọ̀ ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ó wá ń fi omi iyọ̀ líle fọ àwòrán rẹ̀. Ní 1835, ó ti ya fèrèsé ilé rẹ̀, àmọ́ kò kéde rẹ̀ títí ìròyìn iṣẹ́ Daguerre fi jáde ní Paris ní January 1839.

Àríyànjiyàn ta ló ṣáájú nínú àwọn méjèèjì ti gba àyè jù nínú ìwé. John Herschel ló yẹ kí a túbọ̀ máa dárúkọ. Láti 1819 ló ti mọ̀ pé háípò ń yọ́ iyọ̀ fàdákà, ó sì sọ fún Talbot ní 1839. Háípò yìí náà ni àwọn ayafọ́tò wa ń lò nínú yàrá òkùnkùn kí fọ́tò aláwọ̀ tó gbòde. Ó ń kó fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn kúrò pátápátá, nígbà tí iyọ̀ kàn ń dá a dúró díẹ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ gé àwòrán ewé kan sí méjì, kí ó ki apá kan bọ omi iyọ̀ líle, kí ó ki ìkejì bọ háípò, kí ó sì fi omi ṣan méjèèjì dáadáa. Kí ó wá gbé wọn sójú fèrèsé fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó máa kọ àyípadà tó bá rí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lójoojúmọ́.