Ewu tó wà nínú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń la iṣan ọkàn

Bí ọ̀rá bá dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn, àwọn dókítà lè là á láìya àyà aláìsàn. Wọn a ti rọ́bà tín-ín-rín gba iṣan ọwọ́ tàbí ti itan dé ibẹ̀, wọn a mú kí bàlúùnù orí rẹ̀ wú, wọn a sì fi ihò wáyà kékeré tí wọ́n ń pè ní stent gbé iṣan náà dúró. Andreas Grüntzig ló kọ́kọ́ fi bàlúùnù ṣe é fún aláìsàn ní Zürich lọ́dún 1977; stent tẹ̀ lé e lọ́dún 1986.

Ìtọ́jú yìí ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n wáyà lè lu iṣan, bàlúùnù sì lè kọ̀ láti rọ̀. Irú àléébù bàlúùnù bẹ́ẹ̀ ló mú kí ilé-iṣẹ́ Boston Scientific kó stent tó lé ní 90,000 kúrò lọ́jà lọ́dún 2004.

Èyí tó burú jù ni kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú stent lẹ́yìn tí aláìsàn ti délé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fún un ní aspirin àti clopidogrel, tí yóò sábà lò pọ̀ fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ará Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀ tí stent wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá oògùn yìí dúró láìsọ fún dókítà, ìbáà jẹ́ nítorí owó. Bí àyà bá ń dùn ún, kí ó má dúró ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Kí ó mú káàdì stent rẹ̀ dání lọ sí ọsibítù ńlá tó súnmọ́ ọn, irú bíi Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ìsọlọ̀.